Ta Ni Mo Kọ Ọ́ Fún?

Owó Udoji ni mo fi ra ẹ̀rọ táìpù tí mo fi tẹ ìwé mi àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 á rántí àsìkò yẹn dáadáa. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága fún ti dábàá pé kí wọ́n fi kún owó òṣìṣẹ́. Ìjọba Gowon gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí àfikún náà bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 1974. Bí àjẹsílẹ̀ oṣù rẹpẹtẹ ṣe bọ́ sí wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn. Kí a tó mọ̀, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí lọ́jà, àfi ẹ̀rọ táìpù, nítorí kò sẹ́ni tó ń du ú. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìwó ra alùpùpù, wọ́n ra sítẹ́ríò tí àpótí rẹ̀ ga tó ọmọ ọdún méje, ẹnì kan fi tirẹ̀ fẹ́ ìyàwó kejì. Èmi gbé Olympia àlòkù kan bọ̀ láti Gbági ní Ìbàdàn, nínú àpótí dúdú tí ọwọ́ rẹ̀ ti já. Ìyàwó mi wò ó títí. Ó ní, "Bàbá Títí, ẹ kúuṣẹ́ o. Ṣé èyí náà máa ń gbé èèyàn lọ sọ́jà?"

Ẹ̀rọ náà kò gbọ́ Yorùbá. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ lára rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àmì ohùn. Bí mo bá tẹ ojú ewé kan tán, màá yọ bébà náà, màá mú báírò, màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa àmì sókè, màá máa kán tótó sísàlẹ̀. Kábọ́ǹ wà láàárín bébà mẹ́ta, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Òru nìkan ni mo ráyè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá onílé wa bi mí bóyá mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, tí mo ń kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ.

Kí n tó ra ẹ̀rọ yìí, ìwé náà ti ní àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan wà lódìkejì títì sí ilé wa. Ibẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò máa ń kóra jọ sí nírọ̀lẹ́: àwọn dẹ́rẹ́bà, bíríkìlà kan, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ rélùwéè. Ìyá ẹlẹ́rọ ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn, ẹ̀rọ rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Wọ́n ń ra Gbohùngbohùn, ìwé ìròyìn Yorùbá tí iléeṣẹ́ Sketch ń tẹ̀, èmi ni mo sì ń kà á sí wọn létí nítorí pé tíṣà ni mí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìwé ìròyìn kò dé, mo fa ìwé tí mo fọwọ́ kọ yọ lápò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mi ò sọ pé èmi ni mo kọ ọ́.

Ìtàn awakọ̀ akẹ́rù kan ni. Ó ń gbé obì láti Ìbàdàn lọ sí Kánò, ó ń gbé ẹ̀wà àti àlùbọ́sà bọ̀, ó sì ní ilé sí ìlú méjì láìjẹ́ pé ilé kan gbọ́ nípa ìkejì. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá Jẹ́bà tí mo sì mú un dé Kàdúná kíá, ọ̀kan nínú àwọn dẹ́rẹ́bà dá mi dúró. Ó ní, "Tíṣà, ẹ rọra. Ẹ ò tíì dé Mọ́kwà. Ẹ ò dé Kòǹtàgórà, ẹ ò dé Tẹgínà. Ta ni yóò bá yín rin ìyẹn?" Ó wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ewé bo obì nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ń wọ́n omi sí i kó má baà gbẹ, pé ẹni tó gbé obì kì í sùn lọ́nà bó ṣe wù ú, pé ohun tó ń ba dẹ́rẹ́bà lẹ́rù jù lọ kì í ṣe olè, oorun ni. Gbogbo rẹ̀ ni mo lọ kọ sínú ìwé lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti yọjú, wọn kì í béèrè ìròyìn mọ́. Wọ́n á ní, "Ọ̀gbẹ́ni yẹn ńkọ́, ṣé ó ti kúrò ní Jẹ́bà?"

Ó pẹ́ kó tó kúrò ní Jẹ́bà. Obìnrin olóúnjẹ kan wà níbẹ̀, létí afárá, tó mọ̀ pé ó láya nílé tí kò sì bìkítà. Orí kẹfà ni. Òun ló gùn jù nínú ìwé náà, òun náà ni wọ́n ní kí n tún kà jù. Ìyá ẹlẹ́rọ ata dá sí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, ó ní obìnrin náà kò burú, pé ebi ìbánisọ̀rọ̀ ló ń pa á. Àríyànjiyàn náà gbóná débi pé télọ̀ gé aṣọ oníaṣọ sódì.

Àwọn wọ̀nyí ni mo ń rí lójú mi tí mo bá jókòó ti Olympia. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ́ aya, wọ́n ti sin òkú, wọ́n ti jẹ gbèsè, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ fún wọn. Mo sì mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ọ̀daràn ló kún inú rẹ̀, kò sí iwin kankan níbẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Ó Le Kú jáde ní 1974, ìfẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì ló fi ṣe ìtàn. Mo ka méjèèjì, mo gbà pé ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tẹ ìwé nígbà náà. Oxford University Press wà níbẹ̀, Evans wà níbẹ̀, Heinemann wà níbẹ̀, Oníbọnòjé wà ní Mọ́lété. Èyí tí mo gbé tèmi lọ, mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò ní í dárúkọ ìwé ọ̀hún. Ẹni tó kà á ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò kà á kò lè rí i rà mọ́. Olóòtú tó gba ìwé lọ́wọ́ mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi. Nígbà tí ó ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ Yorùbá. Ìwé yìí kò jẹ́ kí n sùn. Kíláàsì wo lẹ kọ ọ́ fún?"

Mo ní mi ò kọ ọ́ fún kíláàsì kankan.

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. Ó fa àpòòwé kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò lẹ́yìn rẹ̀: bébà, yíǹkì, owó àwọn tó ń to lẹ́tà, èrè olùtàwé, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ tèmi. Nígbà tó ròpọ̀ tán, iye ẹ̀dà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà kí owó wọn tó padà ju gbogbo àgbàlagbà tí òun mọ̀ tó ń fi owó ara rẹ̀ ra ìwé ìtàn Yorùbá lọ. Àgbàlagbà tó mọ̀wé kà, ìwé ìròyìn ló ń rà, tàbí Atọ́ka tí ó kún fún àwòrán àwọn eléré orí ìtàgé. Ẹni tó ń ra ìwé ìtàn ni bàbá tí ilé-ìwé fún ọmọ rẹ̀ ní lísìtì, bàbá náà kò sì ní í ṣí i wò. Ní ti àsìkò yẹn gan-an, ìwé ìtàn kọ́ ni wọ́n ń lé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní UPE fẹ́ bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, gbogbo ilé ìtẹ̀wé ló ń sáré ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kí tèmi rí àyè láàárín wọn, àfi kó wọ ilé-ìwé girama.

Orí kẹfà kò lè wọ ilé-ìwé girama. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìgbà náà ló ṣì wà lábẹ́ ojú ìjọ tó dá a sílẹ̀, olóòtú sì ní ọ̀gá ilé-ìwé tó bá pàdé obìnrin Jẹ́bà yẹn kò ní í kà á dé orí keje kó tó kọ lẹ́tà sí wọn. Ó ní kí n yọ ọ́, kí n sì bá òun wá nǹkan ṣe sí ẹnu àwọn dẹ́rẹ́bà, nítorí èébú wọn ti pọ̀ jù. Mo yọ ọ́. Mi ò bínú, mi ò sì fẹ́ wá máa díbọ́n báyìí pé mo bínú. Ọmọ mẹ́ta wà nílé, owó Udoji ti tán, mo sì fẹ́ rí orúkọ mi lẹ́yìn ìwé. Mo kọ gbólóhùn méjì dípò orí kẹfà: ó dé Jẹ́bà, ó jẹun, ó sùn, ilẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ tó kù ni ti àkọtọ́, èyí sì gba àkókò ju ohun gbogbo lọ. Àkọtọ́ àtijọ́ tí wọ́n fi kọ́ èmi alára níwèé ni mo fi tẹ gbogbo rẹ̀: aiye, enia, nwọn, ẹiyẹ, nigbati. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1965 tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ti tẹ ìwé jáde lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí ní 1966, nígbà tó sì di 1974, ìjọba fọwọ́ sí èyí tí à ń lò lónìí. Ilé ìtẹ̀wé kò fẹ́ rí "enia" mọ́. Mo mú báírò pupa, mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní. Àwọn kan lára àwọn olùkọ́ àgbà bínú sí àkọtọ́ tuntun yìí gan-an, wọ́n ní wọ́n ń ba Yorùbá Bíbélì jẹ́. Ní tèmi, mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ọdún méjìlá ní ìwé rí á mọ ohun tí "nwọn" ń fojú rẹ̀ rí.

Nígbà tí ìwé dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n jẹ́ kí n wọlé wá wò ó. Òjé ni wọ́n fi ń to lẹ́tà lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ọkùnrin kan dúró níwájú àpótí onígun kéékèèké, ó ń ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, òdìkejì ló sì ń kà wọ́n. Ìṣòro rẹ̀ kò ju àwọn lẹ́tà tó ní tótó nísàlẹ̀ tó sì tún ní àmì lórí lọ. Ìwọ̀nba ni wọ́n ní. Bí àwọn èèyàn inú ìtàn bá ń jà, tí wọ́n ń sọ pé "ọ̀dọ́bìnrin" tàbí "ọ̀gọ̀" léraléra, ọ̀ olámì á tán nínú àpótí, á wá fi ọ tí kò ní àmì dípò rẹ̀, á ní tí púrúùfù bá dé, kí n fọwọ́ fi í sí i. Yàtọ̀ sí olóòtú, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ka ìwé náà tán láìjẹ́ pé mo wà níbẹ̀ láti kà á sí i létí. Ó bi mí pé kí ló dé tí ọ̀gbẹ́ni yẹn kò fi ẹnì kankan ṣe ọ̀rẹ́ lójú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Mo ní wọ́n ti yọ ọ́. Ó mi orí, ó ní òun ti fura.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ìwé lọ, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìwó wà. Kí púrúùfù tó dé, ìjọba Murtala ti pín ìpínlẹ̀ náà sí mẹ́ta ní oṣù kejì ọdún 1976, a ti di ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì ti pa Murtala fúnra rẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1977, ọdún FESTAC, ní náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Wọ́n fún mi ní ẹ̀dà mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi gba ọ̀kan, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sínú àpótí pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Mo mú ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Inú wọn dùn, wọ́n ra ẹmu. Ẹni tó mọ̀wé díẹ̀ nínú wọn ń ṣí i láti ẹ̀yìn, ó sì rí ohun tí wọ́n fi sí i: ìbéèrè fún orí kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tó ta kókó. "Tíṣà, ìdánwò ni?" Lẹ́yìn náà ni ìyá ẹlẹ́rọ ata pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kí n ka ti obìnrin Jẹ́bà. Mo ka gbólóhùn méjèèjì. Wọ́n ń retí. Mo ní ó parí. Mo ṣàlàyé pé nítorí àwọn ọmọdé ni.

Ó ní, "Ọmọdé wo? Ọmọdé ló ń wa lọ́rì lọ sí Kánò?"

Mi ò rí èsì fún un. Télọ̀ fi ìwé náà kọ́ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà tí àwòrán Dúró Ládipọ̀ wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ló wà títí eruku fi bò ó. Kò sẹ́ni tó kà á. Wọ́n ti gbọ́ èyí tó dùn jù ú lọ.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó, láti 1929 bọ́ sí 1930, obìnrin tó ti lo ayé rẹ̀ nílòkulò ló ń fẹnu ara rẹ̀ ròyìn, àwọn àgbà Èkó sì ń ra ìwé ìròyìn nítorí rẹ̀, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí i bí ẹni pé ó wà láàyè. Kò sí kíláàsì kankan nínú ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tó fi máa di 1938 tí CMS tẹ ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà jáde, tíṣà ló kọ ọ́, ìjọ ló tẹ̀ ẹ́, ọmọ ilé-ìwé ló kà á. Fágúnwà ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì tó àgbà í kà. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà ni ìwé ìtàn Yorùbá ti bá ilé-ìwé dé ibi tí kò sọ́nà àbọ̀ mọ́. Tí ilé-ìwé bá sọ pé rárá, kò sí ìwé. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń dárò pé Yorùbá kò ní ìwé àgbà tó gbọ́ ni pé àwọn òǹkọ̀wé kọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí kẹfà ló wà.

Àmọ́ kí n má purọ́, ilé-ìwé ṣe mí lóore. Ìwé náà bọ́ sínú lísìtì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ òṣèlú UPN gba ìjọba ní 1979, gómìnà Bọ́lá Ìgè sọ ilé-ìwé girama di ọ̀fẹ́ ní Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ sì ya wọ kíláàsì débi pé wọ́n ń jókòó sórí fèrèsé. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ka dẹ́rẹ́bà mi. Owó òǹkọ̀wé tó ń wọlé lọ́dọọdún nígbà yẹn ju owó oṣù mi lọ. Ó gbé ilé mi dé ibi òrùlé, ó ra ọkọ̀ Ìjàpá àlòkù kan tí mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé. Tí mo bá yọjú sí ilé ìtàwé Odùsótè ní Ìbàdàn, màá dúró sẹ́yìn, màá máa wo àwọn bàbá bí wọ́n ṣe ń na lísìtì sí àwọn tó ń tajà.

Àwọn ọmọ kọ lẹ́tà sí mi lọ́pọ̀lọpọ̀. Díẹ̀ ló sọ pé ìtàn náà dùn. Èyí tó pọ̀ jù ń béèrè ìdáhùn sí ìbéèrè ẹ̀yìn ìwé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń máàkì ìdánwò fi ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè náà dán mi wò lọ́jọ́ kan: kí n dárúkọ ẹ̀kọ́ márùn-ún tí òǹkọ̀wé fẹ́ kọ́ wa nínú orí kẹrin. Mo rántí méjì. Ọ̀kan nínú méjèèjì kò sí nínú ìwé ìdáhùn rẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé orúkọ mi kò sí lẹ́yìn ìwé, òun kì bá fún mi ní máàkì kankan fún èyí tí mo gbà.

SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ló mú ìwé náà wá sópin. Nígbà tí wọ́n ṣí ọjà dọ́là ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, náírà já, bébà tó ń ti òkè òkun wá di góòlù. Ìwé mi ti kúrò lórí lísìtì ní ìwọ̀nba ọdún ṣáájú ìgbà náà, nítorí wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀, kò sì sí ilé ìtẹ̀wé tí yóò fi bébà olówó iyebíye tún ìwé tí kò sí lórí lísìtì tẹ̀. Ẹ̀dà tó kù ni àwọn oníṣẹ́ fotokọ́pì ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, èyí tí wọ́n fi òwú rán lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ojú ewé mélòó kan sì ti fò nínú rẹ̀. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Kò wọ́n.

Àwọn ọmọ ìgbà yẹn ti dàgbà. Mo ń pàdé wọn ní báǹkì, ní ilé ìwòsàn, níbi òkú. Alákòóso báǹkì kan dìde fún mi nígbà tó gbọ́ orúkọ mi, ó ní, "Bàbá, ìwé yín ni wọ́n fi nà mí ní fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀." Ó ní òun kò lè to àwọn ìlú tí lọ́rì gbà kọjá. Mo ní kó tò wọ́n fún mi níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìlọrin, kò fo ọ̀kankan: Jẹ́bà, Mọ́kwà, Kòǹtàgórà, Tẹgínà. Inú mi dùn fún dẹ́rẹ́bà tó kọ́ wa.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ wá bá mi, ó fẹ́ tún ìwé náà gbé jáde. Ó ti gbọ́ pé wọ́n gé nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Mo gbé àpótí Olympia sílẹ̀, ẹ̀dà kábọ́ǹ kẹta ló wà níbẹ̀, orí kẹfà pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báírò ti ń ṣí. Ó kà á lójú mi. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí ìyá ẹlẹ́rọ ata ti rẹ́rìn-ín. Ó ní yóò wọ inú ìwé, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú èébú àwọn dẹ́rẹ́bà. A ti ń sọ̀rọ̀ iye ẹ̀dà àti irú bébà nígbà tí ó wá rọra béèrè bóyá mo lè bá òun kọ ìbéèrè díẹ̀ sí ìparí orí kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn ilé-ìwé.

Mo bi í pé orí kẹfà náà ńkọ́. Ó rò ó díẹ̀, ó ní a lè fi ìbéèrè ti ìyẹn sílẹ̀.